Aṣọ Tí Bọ́sẹ̀dé Dìde Nídìí Rẹ̀

Ìrora náà kò ní orúkọ. Ká ní ó lórúkọ ni, bóyá Bọ́sẹ̀dé ì bá ti fi sun ẹnìkan. Orí fífọ́ lórúkọ, ibà lórúkọ, téèyàn bá ní wọ́n ń ṣe òun, ará ilé á ní pẹ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jókòó sísàlẹ̀ ìdodo rẹ̀, tó na ẹsẹ̀ kan sí ìdí, tó na èkejì sí itan, báwo ni àgbàlagbà obìnrin ṣe fẹ́ la ẹnu pè é? Bí a bá dákẹ́, tara ẹni a máa bá ni dákẹ́. Bọ́sẹ̀dé mọ òwe náà. Ó kàn ń dákẹ́ náà ni.

Ọmọ Bùnú ni. Ọkọ rẹ̀, Bámiṣayé, káfíńtà tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí odò Ọya, ló mú un wá sí Lọ́kọ́ja nígbà tí ó ṣì wà ní ìyàwó tuntun. Ilé wọn kò jìnnà sí Ọjà Àtijọ́. Béèyàn bá dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, á máa gbóòórùn ẹja, á máa gbọ́ àwọn Nupe àti Ígálà tí wọ́n ń ná an. Ìwé méjì péré ni Bọ́sẹ̀dé kà kí wọ́n tó fà á kúrò nílé ẹ̀kọ́ wá sídìí òfì. Òfì ló mọ̀. Òfì àwọn obìnrin ni, èyí tí wọ́n ń gbé ti ògiri, tó dúró ṣánṣán bí àkàbà. Ahunṣọ á jókòó síwájú rẹ̀ lórí àpótí kékeré, á máa ki òwú bọ̀ ọ́ láàárín, á sì máa fi pátákó pẹlẹbẹ kan gbá òwú náà mọ́lẹ̀.

Lọ́dún tí à ń wí yìí, tí òmìnira Nàìjíríà kù díẹ̀, ọmọbìnrin rẹ̀ Morẹ́nikẹ́ fẹ́ lọ sílé ọkọ nígbà ọyẹ́. Kọ́lápọ̀ lorúkọ ọkọ rẹ̀, ọmọ Bùnú bíi tiwọn, tíṣà ni. Nílé àwọn Bọ́sẹ̀dé, ìyá ìyàwó ló ń hun aṣọ tí ìyàwó máa ró jáde. Ọwọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni yóò parí rẹ̀. Bí ìyá bá kú sí i láàárín, wọn a tú òwú náà ká, ìyàwó a sì ró aṣọ ọjà. Aṣọ ọjà ni Bọ́sẹ̀dé fúnra rẹ̀ ró jáde. Kò fẹ́ kó ṣe ọmọ rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò lè jókòó mọ́.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, tí ìyá náà tó kú, ló ṣe ń hunṣọ láti kékeré. Fi ọ̀já di ikùn pinpin kí ilé ọmọ má baà yọ. Fi eyín lé eyín. Bí o bá sì ti wọ inú àwọ̀ kan lára aṣọ, o ò gbọdọ̀ dìde títí àwọ̀ náà yóò fi tán, nítorí ọwọ́ tó bá sinmi kì í gbá òwú bákan náà mọ́, aṣọ á sì tú àṣírí. Ìtọ̀ tó bá ń gbọ̀n ọ́, mú un mọ́ra. Bọ́sẹ̀dé sì ń mú un mọ́ra láti òwúrọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ó ti wá di pé bó bá jókòó, bíi pé ó jókòó lé ẹyin iná ni. Bó bá dìde, iná náà á bá a dìde.

Ó ń bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ ká má purọ́, ẹ̀rù ń ba obìnrin náà gan-an. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Àṣàbí, abẹ́ ìdodo náà ló kọ́kọ́ ń dì mú. Ìgbà tó ti pẹ́ jù ni wọ́n tó gbé e lọ sí ọsibítù nílùú òkèèrè. Wọ́n là á, kò sì padà wálé. Látìgbà yẹn, bí Bọ́sẹ̀dé bá gbọ́ ọsibítù, abẹ ló ń rí. Bó bá lọ, wọ́n á là á, á kú, aṣọ á kù sójú òfì. Bí kò bá lọ, kò ní lè jókòó, aṣọ á kù sójú òfì náà ni.

Lìádì, aládùúgbò rẹ̀, ọmọ Ọ̀wọ̀rọ̀ tó ń ta ọṣẹ dúdú, ló kọ́kọ́ la ọ̀rọ̀ náà mọ́lẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò bi í.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, mo ti ń wò ọ́. Bí o bá fẹ́ jókòó, wàá kọ́kọ́ fọwọ́ wá ilẹ̀ bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù."

"Kò sí nǹkan."

"Kò sí nǹkan ló wá ń jẹ́ kí o máa dìde bí adìẹ tó yé ẹyin méjì pọ̀?"

Bọ́sẹ̀dé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún nísàlẹ̀. Ó yára pa ẹnu dé.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," Lìádì wí. "Ṣúgà inú tíì tí ọkọ rẹ ń rà ni. Mu àgbo, kó fọ̀ ọ́ dànù."

Bọ́sẹ̀dé mu àgbo. Àgbo náà fọ inú rẹ̀ dànù lóòótọ́, ó sọ ọ́ di aráa sáláńgá, ó ń fi ipá ti ohun tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ìrora náà nìkan ni kò bá a lọ. Ṣe ló tún ìjókòó rẹ̀ ṣe.

Bámiṣayé kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹni tó bá ń fojú wọn pákó lójoojúmọ́, ojú rẹ̀ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó dúró níwájú òfì fún ìgbà pípẹ́.

"Ìyá Morẹ́nikẹ́, aṣọ yìí kò ga."

"Ó ń ga."

"Iṣẹ́ mi ni kí n mọ ohun tó ga. Ibi tó wà kí òṣù yìí tó yọ ló wà."

Bọ́sẹ̀dé ń wo ojú rẹ̀ bóyá ó ń bínú. Kò rí ìbínú níbẹ̀. Ó wá wolẹ̀.

"Ṣé bíi ti Àṣàbí ni?" ọkọ rẹ̀ bi í.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dárúkọ yẹn nínú ilé náà. Bọ́sẹ̀dé fẹ́ sọ pé rárá. Ẹkún ló jáde.

"Àṣàbí pẹ́ nílé jù ni," Bámiṣayé wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Kì í ṣe pé ó lọ ló pa á. Pé ó pẹ́ kó tó lọ ni. Ìwọ má pẹ́."

Lọ́la rẹ̀ ni wọ́n lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré kan ní apá òkè ìlú. Bámiṣayé ní kẹ̀kẹ́, àmọ́ ta ni yóò gbé irú ìdí bẹ́ẹ̀ lé irin? Bọ́sẹ̀dé ń fẹsẹ̀ rìn, ọkọ rẹ̀ ń ti kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àwọn tó pàdé wọn ń kí wọn pé òkun o, bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn ní Bùnú, wọ́n sì ń bojú wẹ̀yìn wo tọkọtaya tó ní kẹ̀kẹ́ tí kò gùn ún.

Ọmọ Ígálà láti Ìdá ni nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀, Bridget lorúkọ rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ jẹ́ ti ọjà, ṣùgbọ́n ó yé èèyàn. Ó yẹ Bọ́sẹ̀dé wò lẹ́yìn aṣọ títa, ó ní kí dókítà tó ń bẹ̀ wọ́n wò náà yẹ ẹ́ wò, wọ́n yẹ ìtọ̀ rẹ̀ wò pẹ̀lú. Gbogbo ìgbà yẹn, Bọ́sẹ̀dé ń ṣọ́ ojú wọn, ó ń ṣọ́ ọwọ́ wọn, ó ń ṣọ́ ibi tí abẹ lè ti yọ.

"Kò sí kókó níbẹ̀, kò sí egbò," Nọ́ọ̀sì Bridget wí nígbà tí wọ́n ṣe tán.

"Ẹ ò ní là mí?"

"Kí la fẹ́ là? Ẹ̀yin kì í ṣe àgbọn, ìyá."

Bọ́sẹ̀dé kò mọ̀ pé òun ti di etí aṣọ òun mú látàárọ̀. Ó tú u sílẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ṣé irọ́ ni mò ń pa nígbà náà? Ó ń dùn mí o."

"Mo mọ̀ pé ó ń dùn yín. Ìrora òótọ́ ni. Kí ni iṣẹ́ yín?"

"Mò ń hunṣọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe é kí n rí i."

Ojú ti Bọ́sẹ̀dé. Kò sí òwú, kò sí òfì. Ó jókòó sétí bẹ́ǹṣì, ó na ọwọ́ òsì bíi pé ó ki òwú bọ̀ ọ́, ó sì fi ọwọ́ ọ̀tún gbá afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀.

"Ẹ ti dáwọ́ mímí dúró," nọ́ọ̀sì wí.

"Èmi?"

"Ẹ tún un ṣe."

Ó tún un ṣe. Nígbà yìí ni òun náà rí ara rẹ̀. Èémí rẹ̀ dúró ní àyà, eyín rẹ̀ so pọ̀, èjìká rẹ̀ gòkè lọ bá etí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ká mọ́ra bí ìjàpá tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Bridget di ọwọ́ ní ìkúùkù. "Bí mo bá di ọwọ́ mi báyìí láàárọ̀, tí n kò tú u títí di alẹ́, ṣé kò ní dùn mí? Ẹran ara ìsàlẹ̀ yín ti di ìkúùkù láti ọdún yìí wá. Ó ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń tú. Àwa la máa kọ́ ọ."

Ó wá sọ bí yóò ṣe kọ́ ọ. Kó máa gbóná omi, kó jẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ní jó o lára, kó dà á sínú báàfù, kó jókòó sínú rẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ títí ara rẹ̀ á fi rọ̀. Bó bá ń gbá òwú, kó máa fẹ́ èémí síta díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fẹ́ ògì gbígbóná. Kó máa mu omi. Bí ìtọ̀ bá pè é, kó jẹ́ ẹ. Kó má mu àgbo tó ń fọ inú dànù mọ́. Kó máa rìn nírọ̀lẹ́. Kó sì tú ọ̀já ikùn yẹn.

Gbogbo rẹ̀ ni Bọ́sẹ̀dé gbà, àfi èyí tó kẹ́yìn. "Ilé ọmọ mi á yọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìyá mi."

"Ìyá yín fẹ́ràn yín. Ṣùgbọ́n bí a bá fi okùn fún àpò láàárín, ṣé ohun inú rẹ̀ kò ní sáré lọ sísàlẹ̀? Ọ̀já yín ń tì í ni, kò gbé e dúró." Ó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọlé tán, ó sì rẹ́rìn-ín. "Ẹ tú u díẹ̀ lónìí, ẹ tú u díẹ̀ lọ́la. Kì í ṣe oògùn ọjọ́ kan. Bóyá kò tiẹ̀ ní lọ tán, àmọ́ ẹ̀yin ni ẹ máa di ọ̀gá rẹ̀. Ohun kan ni o: bí ẹ bá rí ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ, bí ibà bá bá a wá, tàbí ẹ̀ ń rù, ẹ má dúró nílé. Ẹ wá bá wa."

Bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wálé, Bọ́sẹ̀dé ń dúpẹ́ lábẹ́ ahọ́n, ó sì ń bẹ̀rù lábẹ́ ahọ́n kan náà. Kò sí kókó. Kò sí egbò. Ó ń tún un sọ bí ọmọ iléèwé.

Nígbà tí èéfín omi gbígbóná bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn ilé wọn láàárọ̀ láàárọ̀, Lìádì yọ orí lókè ọgbà.

"Ta ló bímọ nínú ilé yìí?"

"Kò sẹ́ni tó bímọ."

"Omi gbígbóná láàárọ̀, omi gbígbóná nírọ̀lẹ́, báàfù ńlá. Ìyá Morẹ́nikẹ́, bí o bá fi ewú orí yìí bímọ, sọ fún mi kí n tọ́jú ọṣẹ ìkókó."

"Ìdí mi ni mò ń tọ́jú."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó tó mọ̀. Lìádì wo báàfù, ó wo ojú rẹ̀. Ó wá fi apá lé orí ọgbà.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Ìwọ náà má bínú sí àgbo mi o. Ó dára fún mi ni mo ṣe ní kí o mu ún." Láti ọjọ́ náà, bí igi ìdáná bá kù fún un, á ju díẹ̀ gba orí ọgbà, á ní ti abiyamọ àgbà ni.

Ṣùgbọ́n àpótí òfì ṣì le. Bọ́sẹ̀dé á jókòó fún ìgbà díẹ̀, á fì sọ́tùn-ún, á fì sósì. Morẹ́nikẹ́ tó ń bọ̀ láti odò ń wò ó. Ó gbé ìkòkò sọ̀, ó yọ òṣùká kúrò lórí, ó wá àwọn àkísà mọ́ ọn, ó lọ́ ọ títí ó fi tóbi bí ojú abọ́, ó sì gbé e sórí àpótí náà.

"Ìyá, ẹ jókòó lé èyí."

"Òṣùká? Ohun tí wọ́n ń gbé lórí ni màá fi ìdí jókòó lé?"

"Ìyá, orí la ń gbé òṣùká sí nítorí pé ibẹ̀ ni ẹrù wà. Níbo ni ẹrù tiyín wà?"

Bọ́sẹ̀dé wò ó bí ẹni tó fẹ́ bá a wí. Nígbà tó yá, ó jókòó. Ihò àárín òṣùká náà gba ibi tó ń dùn ún, kò kan igi. Ó ki òwú bọ òfì. Ó gbá a mọ́lẹ̀, ó sì fẹ́ èémí síta bí ẹni tó ń fẹ́ ògì. Ó rántí eyín rẹ̀, ó là á. Ó tún gbá a.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, aṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Àwọn àwọ̀ náà kò fẹ̀, bí ọ̀kan bá ti tán, á dìde lọ tọ̀ kó tó wọ inú òmíràn. Ìrora náà kò lọ, ẹ jẹ́ kó yé wa. Àwọn ọjọ́ kan wà tó ń jí kí Bọ́sẹ̀dé tó jí. Ṣùgbọ́n ó ti mọ ohun tó lè sọ fún un. Ọ̀já ikùn náà ń dẹ̀ lójoojúmọ́ títí tó fi kọ́ ọ sára ìṣó, kò sì sí ohun tó yọ.

Nírọ̀lẹ́, òun àti Bámiṣayé á rìn lọ sétí odò níbi tí omi Ọya àti omi Bẹ́núè ti pàdé, tí wọ́n ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan pọ́n, ọ̀kan dúdú, bí ìyàwó méjì tí kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ ṣeun, Bàbá Morẹ́nikẹ́," ó wí nírọ̀lẹ́ kan.

"Kí ni mo ṣe?"

"Ẹ dárúkọ Àṣàbí."

Bámiṣayé dẹsẹ̀ rìn kí ìyàwó rẹ̀ lè bá a.

Ọyẹ́ dé. Aṣọ kù bí ìbú ọwọ́ díẹ̀. Bọ́sẹ̀dé wà láàárín àwọ̀ aró, àwọ̀ tó kẹ́yìn, tó tún fẹ̀ jù, nígbà tí ìrora náà padà bí onígbèsè tó gbọ́ pé owó wọlé. Ó gbá a mú ní abẹ́ ìdodo, ó lọ́ ọ. Gbogbo ohun tí nọ́ọ̀sì sọ fò lọ. Àṣàbí nìkan ló kù lọ́kàn rẹ̀. Wọ́n tàn mí ni, ó ń rò ó. Kókó wà níbẹ̀ látọjọ́ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ na sí ìṣó, ó fa ọ̀já, ó dì í le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó fi eyín lé eyín, ó sì ń gbá òwú bí ẹni tó ń lé olè. Bó ṣe ń gbá a ni ìrora ń le sí i.

Morẹ́nikẹ́ tó ń ka òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbójú sókè. "Ìyá, ẹ ò mí."

"Jẹ́ kí n parí ẹ̀."

"Ẹ dìde."

"O mọ ohun tó wà níwájú. Wọ́n á fọwọ́ tọ́ ọ." Òótọ́ ni. Lọ́jọ́ ìyàwó, àgbà obìnrin kan láti ilé ọkọ ló ń gba aṣọ náà, tí á fi ìka tọ́ ọ láti etí dé etí lójú gbogbo èèyàn kó tó ró o fún ìyàwó. Bí ọwọ́ méjì bá wà níbẹ̀, ìka á mọ̀. Bí ahunṣọ bá dìde láàárín àwọ̀, ìka á mọ̀.

"Ìyá," Morẹ́nikẹ́ wí jẹ́jẹ́, "ẹ̀yin ni mo fẹ́ kó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Aṣọ náà lè máà dára."

Bọ́sẹ̀dé fi pátákó sílẹ̀. Ó dìde láàárín aró, ohun tí ìyá rẹ̀ kò ṣe rí. Ó tú ọ̀já. Morẹ́nikẹ́ ti gbé omi kaná. Ó jókòó sínú báàfù, omi náà gbà á, ó sì ń mí, ó ń mí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún wà nínú mímí náà. Ó yẹ ara rẹ̀ wò: kò sí ẹ̀jẹ̀. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀: kò sí ibà. Ìkúùkù náà ni, kì í ṣe Àṣàbí. Lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó ká orúnkún sókè, ó sì sùn lọ́sàn-án gangan, ohun tí àwọn òbí rẹ̀ ń pè ní ọ̀lẹ. Nígbà tó jí, ìrora náà ti di ìró tó jìnnà.

Ọjọ́ kejì ló padà sídìí òfì, ó sì parí aró tó kù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n ojú ibẹ̀ hàn. Níbi tó ti dìde, òwú dẹ̀ díẹ̀ ju ti òkè rẹ̀ lọ. Ó fẹ́ tú u. Morẹ́nikẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Wọ́n á rí i," Bọ́sẹ̀dé wí.

"Kí wọ́n rí i."

Lọ́jọ́ ìyàwó, ìyá-ìyá Kọ́lápọ̀ ló gba aṣọ náà. Arúgbó ni, ó fọwọ́ di ìbàdí mú rìn wá, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n ìka rẹ̀ ṣì ríran. Gbogbo ilé ń wò ó. Ìka náà ń rìn, ó kọjá pupa, ó kọjá funfun, ó wọ inú aró. Ó dúró.

"Ta ló hun aṣọ yìí?"

"Èmi ni, ìyá."

"Ọwọ́ kan?"

"Ọwọ́ kan ni."

"O dìde níhìn-ín."

Bọ́sẹ̀dé rí i tí àwọn obìnrin ń wo ara wọn. Ó mọ̀ pé eyín òun ti pàdé. Ó là á. Ó fẹ́ èémí síta kó tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì ń dúró, ó ń lọ.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Mo dìde níbẹ̀. Ara mi ló ní kí n dìde. Mo... mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ tirẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ yìí, àti bàbá rẹ̀, àti nọ́ọ̀sì kan tí kò sí níhìn-ín. Ká ní mi ò dìde ni, aṣọ ọjà ni wọn ì bá ró fún un lónìí."

Arúgbó náà kò gbé ìka rẹ̀ kúrò lójú ibẹ̀. "Ọmọbìnrin mẹ́rin ni mo hunṣọ fún," ó wí. "N kò dìde nídìí ìkankan." Ó wá tẹ̀ síwájú, ó fi ẹnu kan etí Bọ́sẹ̀dé. "Ṣé o ò rí bí mo ṣe ń rìn ni?"

Ó nà ró, ó sì gbé aṣọ náà sókè. "Aṣọ náà pé," ó sọ fún gbogbo ilé. "Ẹ mú ìyàwó wá."

Ó ró o fún Morẹ́nikẹ́, ó fi ojú aró náà síta níbi tí gbogbo èèyàn lè rí i. Nígbà tí oúnjẹ dé, tí ariwo gba ilé, ó pe Bọ́sẹ̀dé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀, ó ní kó jókòó. Bọ́sẹ̀dé jókòó, ó dúró díẹ̀ kó tẹ́tí sí ara rẹ̀. Ó ṣeé fara dà.

"Nígbà tí o dìde yẹn," arúgbó náà bi í, ó rọra ń sọ̀rọ̀, "kí lo ṣe?"

Bọ́sẹ̀dé wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wọn. Ó fa àpótí rẹ̀ sún mọ́ ti arúgbó náà.

"Omi ni mo kọ́kọ́ gbé kaná, ìyá," ó wí. "Kó má gbóná jù."